Bí a ṣe ń gba àwọn onífíìmù tí wọ́n dé sí oko àgùntàn láìròtẹ́lẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú Iléyá ni wọ́n máa ń dé jù. Bọ́ọ̀sì kan tàbí méjì yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, iná àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹnì kan nínú wọn yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín pé ìṣẹ́jú 10 péré ni àwọn fẹ́ lò. Nígbà mìíràn, akọ̀ròyìn tẹlifíṣàn ni wọ́n, tí wọ́n fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta àgbò lọ́dún yìí; nígbà mìíràn, àwọn tí ń ṣe eré kékeré fún Facebook àti TikTok ni; lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré gidi, pẹ̀lú olóòtú, olùdarí, àwọn tí ń kun ojú, àti àwọn òṣèré tí ẹ ti mọ̀ nínú àwòrán. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn, n kò sì ní sọ fún òǹsìn ẹran kankan pé kí ó lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sin àgùntàn rí kò lè mọ ohun tí ó lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 10 náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ni ẹ gbọ́dọ̀ darí àbẹ̀wò náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà títí ọkọ̀ wọn yóò fi padà.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí, òun ni ó sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan dé sí oko mi nítòsí Ìṣẹ́yìn ní ọjọ́ Sátidé kan. Inú mi dùn sí wọn, mo ṣí géètì, mo sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Kí n tó padà, wọ́n ti ń fi búrẹ́dì fa abo àgùntàn mẹ́ta wá sí iwájú kámẹ́rà, odidi búrẹ́dì mẹ́rin sì ti tán. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ọ̀kan nínú wọn ti dùbúlẹ̀, inú rẹ̀ wú, kò lè dìde, kí dókítà ẹran sì tó dé, ó ti kú pẹ̀lú oyún tí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọjọ́ ìbí. Àwọn tí wọ́n fún un ní búrẹ́dì náà fẹ́ràn rẹ̀ ni, wọn kò ní èrò ibi kankan. Èmi tí mo mọ̀ ni kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní.

Ní ẹnu ọ̀nà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ wọn wọ inú oko. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fún wọn ní omi tútù, ẹ wá ìjókòó fún wọn lábẹ́ igi tí ó wà ní ìta ọgbà, kí ẹ sì bá wọn jókòó. Àlejò gbọ́dọ̀ jẹ iyì, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ohun tí ojú bá tì yín láti sọ fún wọn níbẹ̀, ẹran yín ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tí í ṣe olórí wọn, kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ óò máa bá sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé ohun tí eré náà dá lé, ohun tí àgùntàn yóò ṣe nínú rẹ̀, àti iye ènìyàn tí yóò wọlé. Bí ó bá sọ pé ẹnì kan yóò gbé àgùntàn sá, tàbí pé wọn yóò dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ pa á, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ lè gbà àti ohun tí ẹ kò lè gbà, nítorí pé bí wọ́n bá ti gbé iná kalẹ̀ tán, ó máa ń ṣòro láti sọ pé rárá.

Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tí ọ̀pọ̀ òǹsìn ẹran kì í rántí bèèrè: níbo ni ẹ ti ń bọ̀ lónìí? Àwọn tí ń ya àwòrán nípa Iléyá máa ń kọ́kọ́ yà sí ọjà ẹran, bí ọjà Kara ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ọjà Akínyẹlé ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó wá sí oko. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹran láti ìlú púpọ̀ ni ó ń pàdé, ìgbẹ́ àti ikun wọn sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà àti aṣọ. Àrùn PPR, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kata, ni ó ń dẹ́rù bà mí jù. Ibà, ikun imú, egbò ẹnu, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lè kó ọ̀pọ̀ ẹran lọ nínú agbo tí a kò fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ náà wà, ó sì dára. Irú kòkòrò àrùn tí wọ́n fi ń ṣe é, tí a ń pè ní Nigeria 75/1, orílẹ̀-èdè wa níbí ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1975, ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, sì ń ṣe é. Ẹni tí kò bá tíì fún agbo rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó ti ọjà ẹran bọ̀ lọ́jọ́ náà wọlé rárá. Bí agbo bá ti gba abẹ́rẹ́, ẹ po oògùn apakòkòrò bí Izal sínú bàsíà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí olúkúlùkù fọ amọ̀ àti ìgbẹ́ kúrò lára bàtà rẹ̀ kí ó tó tẹ ẹsẹ̀ bọ inú oògùn náà, nítorí pé oògùn kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀. Ẹ fún wọn ní omi àti ọṣẹ pẹ̀lú, kí wọ́n fọ ọwọ́.

Ohun kan wà tí mo ń rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbà láé: kí wọ́n mú àgbò tí wọ́n rà ní ọjà wá, kí wọ́n sì fẹ́ kí ó dúró láàárín agbo yín kí àwòrán lè kún. Àmì àrùn kata lè má hàn títí di ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ó bá ti wọ ara ẹran. Àgbò tí ó ń tàn yọ̀ọ̀ lónìí lè máa gbé e kiri. Bí wọ́n bá ní àgbò tiwọn, ìta ọgbà ni kí wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, ní ibi tí ẹran yín kì í dé.

Ibi tí kámẹ́rà lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ lọ kó àwọn ẹran kan kúrò lójú ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni abo àgùntàn fi ń gbé oyún. Àwọn tí oyún wọn ti wọ oṣù karùn-ún kò gbọdọ̀ sáré, a kò sì gbọdọ̀ há wọn mọ́ igun ilé. Ẹran tí ń ṣàìsàn àti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tí ó ṣì wà ní ìyàsọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ kópa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tuntun ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé àwọn gan-an ni àwọn onífíìmù máa ń fẹ́ gbé mọ́ra. Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni ìyá ń fi òórùn dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bí òṣèré tí ó fín tùràrí sára bá gbé ọmọ náà, tí ó sì dá a padà lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ìyá lè kọ̀ ọ́, kí ó máa kàn án kúrò nídìí ọmú, ẹ̀yin ni yóò sì kù fún láti máa fi ìgò fún un ní wàrà lóru. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ó bá ti dàgbà díẹ̀, olùtọ́jú ẹran ni kí ó gbé e dání lójú ìyá rẹ̀, kí kámẹ́rà máa ya ọwọ́ rẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Òwúrọ̀ kùtù títí di agogo 9, àti ìrọ̀lẹ́ láti agogo 4 lọ, ni àgùntàn máa ń jẹun tí ara rẹ̀ sì máa ń balẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn pẹ̀lú máa ń dára fún àwòrán ní àwọn àkókò yìí, nítorí náà olùdarí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá yín jiyàn. Lọ́sàn-án gangan, abẹ́ ibòji ni ẹran ń wà, tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Bí ẹ bá rí i tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ó sì la ẹnu, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ sì gbé omi wá.

Bí a ṣe ń ya àwòrán àgùntàn láìdẹ́rù bà á

Ẹ pe gbogbo wọn jọ, kí ẹ sì ṣàlàyé bí àgùntàn ṣe ń rí ayé. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì lè rí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ó yí i ká láìyí orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni kò rí. Ẹni tí ó bá ti ẹ̀yìn yọ́ wá sí i ni ó máa ń já a láyà jù. Ẹ wo èjìká rẹ̀ bí ojú ìwọ̀n: bí ènìyàn bá dúró síwájú èjìká, tí ó sì sún mọ́ ọn, yóò padà sẹ́yìn, bí ó bá dúró sẹ́yìn èjìká, yóò rìn lọ síwájú. Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí nìkan, olùtọ́jú ẹran kan lè mú agbo kọjá níwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìpariwo. A kì í fi irun tàbí ìwo fa àgùntàn, a kì í gbé e ní ẹsẹ̀ kan, a kì í sì í yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò láàárín àwọn yòókù. Àgùntàn tí ó dá wà máa ń ké, ó máa ń sáré, ó sì lè já ara rẹ̀ lu wáyà. Bí olùdarí bá fẹ́ ẹyọ kan nínú àwòrán, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta mìíràn dúró sí ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti tó wọn.

Ojúlùmọ̀ pẹ̀lú ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ní ọdún 2001, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Keith Kendrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Babraham, lẹ́bàá Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àgùntàn lè dá ojú àgùntàn 50 mìíràn mọ̀ kí ó sì rántí wọn fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì. Àwa tí a ń sìn wọ́n mọ̀ pé wọ́n mọ olówó wọn. Ẹni tí ó ń fún wọn ní oúnjẹ lójoojúmọ́ ni kí ó dúró nítòsí kámẹ́rà; kí ó mi ike oúnjẹ, wọn yóò yíjú sí i, olùdarí yóò sì rí ojú tí ó ń wá. Ìwọ̀nba èèpo ẹ̀wà tàbí èèpo gbágùúdá gbígbẹ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ó wà nínú ike náà.

Oúnjẹ àlejò kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn. Ikùn àgùntàn pín sí mẹ́rin, apá tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ sì kún fún kòkòrò àìfojúrí tí ń bá a jẹ koríko. Bí búrẹ́dì, ìrẹsì sísè tàbí gàárì púpọ̀ bá dé ibẹ̀ lójijì, inú yóò kan, yóò wú, ẹran sì lè kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọ̀rá ìrẹsì àti ọ̀rá omi kò yàtọ̀. Àgùntàn yóò gbé e mì nítorí iyọ̀ tí ó wà lára rẹ̀, yóò dì sínú rẹ̀, ẹran náà yóò máa rù láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣe é. Ìta ọgbà ni kí gbogbo ẹgbẹ́ ti jẹun, kí àpò ìdọ̀tí kan sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbò gba ìkìlọ̀ tirẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ òwe pé àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá, ṣùgbọ́n òṣèré tí ń wo kámẹ́rà lè rí àgbò tí ó ń padà sẹ́yìn kí ó rò pé ó ń bẹ̀rù òun. Ẹ sọ fún wọn kedere pé kíkàn ni ó fẹ́ kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe ti iwájú orí rẹ̀ ṣeré, nítorí pé bí a ṣe ń kọ́ ọ ní kíkàn nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àgbò méjì kan ara wọn fún àwòrán, ẹ kọ̀. Ìpín 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ka ìyà jíjẹ ẹran sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì kan ẹni tí ó ni ẹran tí ó gbà kí a fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ rántí ọjà yín pẹ̀lú: àgbò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ tàbí tí ojú rẹ̀ bá fọ́ kò tọ́ fún ẹran ọdún Iléyá nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ta ni yóò sì rà á lọ́wọ́ yín?

Ní ti irú ẹran tí wọ́n fẹ́, àwọn onífíìmù máa ń yan àgbò ńlá láti Òkè Ọya, bí Balami funfun tí etí rẹ̀ gùn, tàbí Uda tí iwájú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. Ó bá ìròyìn Iléyá mu. Ṣùgbọ́n bí eré náà bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ gbà wọ́n níyànjú láti lo àgùntàn kékeré ilẹ̀ wa, èyí tí ó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tí ó sì fi jẹ́ pé òun ni ó ń gbé ilẹ̀ igbó láti ìgbà pípẹ́. Olùdarí kan tí mo sọ èyí fún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ẹran, ní ibi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wọlé. Kí wáyà má gba ilẹ̀ tí ẹran ń tẹ̀. Drone, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ń gbé kámẹ́rà, ni mo máa ń kọ̀ pátápátá bí abo tí ó lóyún bá wà ní pápá, nítorí pé ìró rẹ̀ láti òkè lè tú agbo ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ fò ó gbọ́dọ̀ ti gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ ní kí ó fi ìwé náà hàn yín.

Ààbò, ìwé àti owó

Àwọn olè ẹran náà ń wo fídíò. Bí àwòrán bá fi géètì, àgádágodo, ọ̀nà tí ó wọ oko àti iye àgbò tí ó wà nínú ilé hàn ní ọ̀sẹ̀ kan sí Iléyá, a ti júwe oko fún ẹni tí kò yẹ. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹran pẹ̀lú koríko tàbí ògiri ní ẹ̀yìn, kí wọ́n pa ohun tí ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn lórí fóònù, kí wọ́n má sì dárúkọ abúlé. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi àwòrán náà pamọ́ títí ẹ óò fi ta ẹran ọdún tán. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ojú àwọn hàn, ti ọmọdé sì di ìyọ̀ǹda òbí.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo tí ẹ fi ọwọ́ kọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù olórí wọn, ọjọ́ àti wákàtí, ibi tí wọ́n lè dé, ohun tí wọn yóò fi àwòrán náà ṣe, àti pé àwọn ni yóò san owó ẹran tí ó bá kú tàbí tí ó bá farapa nítorí iṣẹ́ wọn. Ẹ fi iye owó ẹran kọ̀ọ̀kan tí yóò hàn sínú rẹ̀, kí ẹ sì ka ti abo tí ó lóyún mọ́ ọmọ inú rẹ̀. Ní ti owó ìlò oko, ẹ ṣírò iṣẹ́ òṣìṣẹ́ fún wákàtí wọ̀nyẹn, oúnjẹ ẹran, oògùn apakòkòrò, àti iṣẹ́ tí ó dúró. Mo máa ń gba owó ìdúró kan sílẹ̀ fún ìbàjẹ́, tí mo ń dá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn kì í sanwó ní tiwọn, n kò sì bínú sí i, ṣùgbọ́n òfin bàtà àti oúnjẹ kò yàtọ̀ fún wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ sìn wọ́n dé ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ẹ ka ẹran kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ yí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ká pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, kí ẹ ṣa ọ̀rá, bátìrì, ìdérí ìgò àti téèpù. Ọmọdé dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ojú wọn mú. Ẹ da omi inú abọ́ nù, kí ẹ sì pọn tuntun. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ wò bóyá gbogbo wọn ń jẹ àpọ̀jẹ. Èyí tí ó bá dá dúró tí ẹnu rẹ̀ kò sì mì, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ bóyá ó le, kí ẹ sì pe dókítà ẹran láìdúró di òwúrọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa wo imú àti ojú wọn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa wọn ìgbóná ara èyí tí ó bá rẹ̀: ìwọ̀n 38.5 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ti àgùntàn tí ara rẹ̀ le máa ń jẹ́, èyí tí ó bá sì ti lé ní 40 dáadáa ní òwúrọ̀ tí ooru kò tíì mú, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé oko, ọjọ́ tí wọ́n dé, ibi tí wọ́n ti bọ̀ àti ẹran tí wọ́n fọwọ́ kàn, nítorí pé ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.